Ibi tí signal ti ń há mọ́ QEMU lọ́wọ́

Ẹni tó bá ti kọ́ Docker image (àpótí prógíráàmù tó ṣeé gbé kiri) fún ARM, irú processor kan, lórí láptọ́ọ̀pù Intel rí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé QEMU, ètò tó ń jẹ́ kí prógíráàmù irú processor kan ṣiṣẹ́ lórí òmíràn, ló bá a ṣe é láìmọ̀. Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003. Èyí tí à ń pè ní user-mode nínú rẹ̀ kì í sín odidi kọ̀ǹpútà jẹ. Prógíráàmù kan péré ló ń gbé, á máa túmọ̀ àṣẹ ARM inú rẹ̀ sí ti Intel ní ègé-ègé, á sì fi ìyókù sílẹ̀ fún kernel Linux tó bá nílẹ̀, ìyẹn olórí ètò tó ń darí ẹ̀rọ.

Inú ìyókù yẹn ni iṣẹ́ wà. Prógíráàmù tó bá fẹ́ ka fáìlì tàbí kọ nǹkan síta, kernel ló máa bẹ̀, nọ́ńbà ló sì máa fi bẹ̀ ẹ́. Lórí ARM 64-bit, 64 ni nọ́ńbà write, ìpè láti kọ nǹkan síta. Lórí x86-64, ti Intel, 1 ni. QEMU á pààrọ̀ nọ́ńbà, á tún dátà tò bó bá yẹ, á wá ké sí kernel. Iṣẹ́ náà pọ̀ o, àmọ́ kò lọ́jú pọ̀.

Signal, ìkìlọ̀ tí kernel ń fi ránṣẹ́ sí prógíráàmù, ló lọ́jú pọ̀. Nọ́ńbà tirẹ̀ náà ń yí padà: 10 tó jẹ́ SIGUSR1 lórí Intel, SIGBUS, signal mìíràn, ni lórí MIPS, irú processor mìíràn. Ìyẹn ṣì kéré. Signal kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bó bá bá QEMU láàárín ègé kan, QEMU á kọ ọ́ sílẹ̀, ó di ìgbà tí ègé yẹn bá parí kó tó fà á lé prógíráàmù lọ́wọ́.

Ẹ wá wò ó: QEMU yẹ ibi tó ń kọ signal sílẹ̀ sí wò, kò sí signal kankan. Ó fẹ́ ké sí kernel pé kó ka ohun tí èèyàn bá tẹ̀. Kó tó pè é, signal dé. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ìpè ń bá tirẹ̀ lọ, read, ìpè láti ka nǹkan, jókòó tẹtẹrẹ, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ tẹ nǹkan kan. Lórí ẹ̀rọ ARM gidi, handler, apá prógíráàmù tó ń dá signal lóhùn, ìbá ti ṣiṣẹ́ kí read tó bẹ̀rẹ̀. Níbí, kò ní ṣiṣẹ́ títí read á fi parí.

Ní 2016 ni àtúnṣe wọlé, safe_syscall lorúkọ rẹ̀. Ìlà assembly (èdè tó sún mọ́ processor jù) mélòó kan ni: ẹ yẹ signal wò, ẹ ké sí kernel. Bí signal bá dé láàárín àyẹ̀wò àti ìpè, handler QEMU á wo ibi tí processor dé. Bó bá ṣì wà láàárín ìlà wọ̀nyẹn, á dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Àyẹ̀wò kejì á rí signal náà, wọ́n á kọ́kọ́ fi jíṣẹ́, wọ́n á wá tún ìpè náà ṣe. Wọn ò lo lock, ohun tó ń mú kí apá kan dúró de èkejì, kankan! Ó wù mí gan-an ni.

Bí prógíráàmù bá dákẹ́ lábẹ́ QEMU, tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ gidi, ẹ fi qemu-aarch64 -strace gbé e, á to gbogbo ìpè sí kernel jáde. Ẹ wo ìlà ìkẹyìn. Bó bá jẹ́ futex, ìpè tí àwọn thread (ẹ̀ka iṣẹ́ inú prógíráàmù kan) fi ń dúró de ara wọn, thread mìíràn ló ń dúró dè. Bí errno 38 bá yọjú, QEMU ò mọ system call (ìpè sí kernel) yẹn nìyẹn, ẹ gbé ẹ̀dà tuntun wò kẹ́ ẹ tó dá ara yín lẹ́bi. Bó bá sì jẹ́ gdb, irinṣẹ́ wíwá àṣìṣe, lẹ gbé lé QEMU fúnra rẹ̀, tí SIGSEGV, signal tó ń sọ pé prógíráàmù fọwọ́ kan ibi memory tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí, ń tò wọlé, ẹ má fòyà. QEMU ń ti ojú ewé memory tó ti túmọ̀ pa kí nǹkan má kọ lé e láìjẹ́ pé ó mọ̀. SIGSEGV ló fi ń mọ̀ pé prógíráàmù fẹ́ yí kóòdù ara rẹ̀ padà.