Èdè tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ìròyìn

Èdè tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ni ọ̀nà tí akọ̀ròyìn ń gbà sọ ìṣẹ̀lẹ̀ bó ṣe rí, láìfi orúkọ, àpèjúwe tàbí àwòrán tàbùkù ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ọjọ́ orí, àìlera tàbí jíjẹ́ akọ tàbí abo. Ó bá ìbọ̀wọ̀ fún àṣà rìn, ìyẹn ni pé kí oníròyìn mọ ohun tí àwọn tó ń ròyìn nípa wọn kà sí èèwọ̀.

Ìtàn ní ṣókí

Ní 1968, ìgbìmọ̀ Kerner, tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti wádìí rògbòdìyàn àwọn ìlú ńlá, bẹnu àtẹ́ lu ilé iṣẹ́ ìròyìn pé ojú aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi ń wo gbogbo nǹkan. Associated Press (AP), ilé iṣẹ́ ìròyìn Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ olóòtú ń tẹ̀lé ìwé ìtọ́ni rẹ̀, pinnu ní oṣù kẹrin 2013 pé akọ̀ròyìn kò gbọdọ̀ pe ènìyàn fúnra rẹ̀ ní arúfin nítorí pé kò ní ìwé ìgbélùú. Ìṣe ni a lè pè bẹ́ẹ̀. Ní 2020, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà ńlá kọ “Black” (aláwọ̀ dúdú) tó bá jẹ́ pé àwọn ènìyàn ló ń tọ́ka sí.

Ìwádìí Global Media Monitoring Project, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, fi hàn ní 2020 pé obìnrin kò ju 25 lọ nínú 100 àwọn tí ìròyìn sọ̀rọ̀ nípa wọn tàbí tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.

Orúkọ àrùn

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìròyìn ìlera ni ipa ọ̀rọ̀ ti hàn kedere jù. Àjàkálẹ̀ àrùn fúlúù ti 1918 ni wọ́n fi orúkọ Sípéènì pè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀rí pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Sípéènì kò lọ́wọ́ nínú ogun ìgbà náà, àwọn ìwé ìròyìn rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ àrùn náà ní gbangba, nígbà tí àwọn ìjọba tó ń jagun ń fọwọ́ bo àwọn akọ̀ròyìn tiwọn lẹ́nu. Ní 1982, kí àrùn Éèdì tó ní orúkọ tó ń jẹ́ báyìí, orúkọ kan tó dá àìsàn náà lé ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò nìkan lórí jáde nínú ìròyìn. Ó dá kún ẹ̀tanú, ó sì mú kí àwọn mìíràn rò pé kò kàn wọ́n.

Ti fúlúù ẹlẹ́dẹ̀ ní 2009 tún yàtọ̀. Ara ènìyàn sí ènìyàn ni àrùn náà ń gbà ràn, síbẹ̀ ìjọba Íjíbítì pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn ẹlẹ́dẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Àwọn Kristẹni tó ń kó ìdọ̀tí ní Káírò, tí wọ́n ń fi ìdọ̀tí oúnjẹ bọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó fara gbá a.

Ní oṣù karùn-ún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé ìlànà jáde pé kí orúkọ àrùn tuntun má ní orúkọ ìlú, ènìyàn, ẹranko tàbí iṣẹ́ ọwọ́ nínú, kó má sì ní ọ̀rọ̀ tó ń dá jìnnìjìnnì sílẹ̀. Ìlànà yìí ló bí COVID-19 ní oṣù kejì 2020. Nígbà tí ìròyìn tún ń fi orúkọ orílẹ̀-èdè pe oríṣiríṣi kòkòrò náà, WHO fi lẹ́tà Gíríìkì rọ́pò wọn ní oṣù karùn-ún 2021.

Ìròyìn nípa ẹni tó pa ara rẹ̀

Ní ìlú Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria, bí ìwé ìròyìn ṣe ń gbé ikú àwọn tó ń bẹ́ sójú irin rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni irú ikú náà ń pọ̀ sí i. Ní 1987, àwọn akọ̀ròyìn gbà láti tẹ̀lé ìlànà àwọn onímọ̀ ìlera, iye náà sì já wálẹ̀ gidigidi láàárín oṣù mélòó kan. Ó ṣòro láti sọ pé ìròyìn nìkan ló fà á, àmọ́ ẹ̀rí náà lágbára.

Ìlànà WHO, tó kọ́kọ́ jáde ní 2000, ní kí akọ̀ròyìn má ṣàlàyé ọ̀nà tàbí ibi tí ẹni náà gbà kú, kó má pe ikú náà ní àṣeyọrí tàbí ìjákulẹ̀, kó má sì kọ ọ́ bí ẹni tó dá ẹ̀ṣẹ̀. Ó tún ní kí ìròyìn sọ ibi tí ẹni tí ìrònú bá bò mọ́lẹ̀ ti lè rí ìrànlọ́wọ́.

Àìlera, òkú àti ọ̀rọ̀ ìkórìíra

Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, ti 2006, ní kí ìjọba gba ilé iṣẹ́ ìròyìn níyànjú láti gbé wọn jáde lọ́nà tó yẹ. Ọ̀pọ̀ olóòtú ń sọ ènìyàn ṣáájú àìlera rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ adití kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tọ́rọ̀ kàn ni àwọn olóòtú ń bi nípa bó ṣe fẹ́ kí wọ́n pe òun.

Ní Ọsirélíà, ilé iṣẹ́ ìròyìn máa ń kìlọ̀ kí wọ́n tó fi àwòrán tàbí ohùn òkú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà hàn, nítorí pé èèwọ̀ ni láàárín ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ní Rwanda ní 1994, nígbà tí wọ́n ń pa ẹ̀yà Tutsi ní ìpakúpa, rédíò RTLM ń pe wọ́n ní aáyán. Ilé ẹjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ lórí ìpakúpa náà dá àwọn tó wà nídìí rédíò náà lẹ́bi ní 2003.

Àríyànjiyàn

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé èdè jẹ́jẹ́ yóò bo ìwà burúkú mọ́lẹ̀. AP dáhùn sí èyí ní 2019: bí ohun kan bá jẹ́ ìkórìíra ẹ̀yà ní tòótọ́, kí akọ̀ròyìn pè é bẹ́ẹ̀, kó má fi àdàpè ọ̀rọ̀ bò ó.