Cumulus: òkìtì orí kóńgò tó di orúkọ ìkùukùu

Tí a bá ra gààrí lọ́jà l'Ẹ́pẹ́, kóńgò tó kún dọ́gba létí kò tíì tẹ́ wa lọ́rùn. A ó dúró kí ìyá alágààrí dà á lé e títí yóò fi yọ ṣóńṣó, tí díẹ̀ á máa ya bọ́ sórí àtẹ. Irú òkìtì bẹ́ẹ̀, àti ẹ̀ènì tí wọ́n bá fi lé ohun tó ti kún, ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pè ní cumulus.

Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kan, Luke Howard, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ojú ọ̀run. Apoògùn ni, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Wíwo òkè ló kàn fẹ́ràn láti kékeré. Ní December 1802, ó ka ìwé kan fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì fún ìkùukùu lórúkọ: cirrus fún èyí tó rí bí irun tó ká, stratus fún èyí tó tẹ́ bí ẹní, nimbus fún olójò, cumulus fún èyí tó ṣe òkìtì.

Lọ́dún yẹn kan náà, Lamarck, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, ti sọ wọ́n lórúkọ ní Faransé, ní èdè Faransé. Kò ràn. Lójú tèmi, Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́ yẹn, ló gba Howard: kò sí orílẹ̀-èdè tó lè sọ pé tòun ni. Àwa náà kúkú yáwó ọ̀rọ̀: sánmà inú àwọsánmà, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ló ti wá.

Ẹ dúró létí ọ̀sà ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, kí ẹ kọjú sí ilẹ̀. Ilẹ̀ máa ń tètè gbóná ju omi lọ, nítorí náà òkè ilẹ̀ ni òkìtì náà ti ń kọ́kọ́ wú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á gbé ooru omi gòkè. Níbi tí òtútù bá ti tó, ooru náà á di ẹ̀kán omi wínníwínní. Ibẹ̀ ni ìdí ìkùukùu ti ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí gààrí lórí àtẹ, tí orí rẹ̀ á sì máa ru sókè.

Èyí tó bá ń ru tí kò dúró, tí ìdí rẹ̀ dúdú, cumulonimbus ni wọ́n ń pè é. Bàbá apẹja tó bá rí i kì í pè é ní nǹkan kan. Á ká àwọ̀n rẹ̀, á ní, "Ẹ yí ọkọ̀ padà."