Sátẹ́láìtì kì í wọn afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí àsọtẹ́lẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ṣe nípa ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ bá ti bá ohun tí sátẹ́láìtì rí mu, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, àsọtẹ́lẹ̀ náà tọ̀nà. Ìgbàgbọ́ yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì yẹ kí á tún un ṣe, nítorí pé irú àsọtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ní ikọ́ fée fi ń pinnu bóyá kí wọ́n jáde síta.

Sátẹ́láìtì kò fa afẹ́fẹ́ kankan wò. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ta padà sókè ni ẹ̀rọ MODIS, tó wà lórí sátẹ́láìtì Terra àti Aqua ti àjọ NASA, ń gbà sílẹ̀. Inú ìmọ́lẹ̀ yìí ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣírò AOD, ìyẹn ìwọ̀n bí eruku, èéfín, iyọ̀ òkun àti àwọn ohun tíntìntín mìíràn ṣe dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà láti òkè pátápátá títí dé ilẹ̀. Bí AOD bá jẹ́ 1, nǹkan bí ìdá 37 péré nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ tààrà láti àtàrí ni yóò là wọ́n kọjá dé ilẹ̀. Nọ́ńbà yìí kò sọ fún wa bóyá níwájú imú wa ni ohun tó dí ìmọ́lẹ̀ náà wà tàbí ó ń fò kọjá ní kìlómítà mẹ́ta lókè. Eruku Sàhárà tó máa ń gba orí òkun Àtìláńtíìkì kọjá lè mú kí AOD ga gan-an, kí afẹ́fẹ́ tó wà létí omi nísàlẹ̀ má sì fi bẹ́ẹ̀ ní eruku nínú. Ọ̀rinrin náà tún ń dá kún un: àwọn ohun tíntìntín kan a máa fa omi mọ́ra, wọn a wú, wọn a sì túbọ̀ dí ìmọ́lẹ̀.

Ibi tó díjú jù ni pé àpapọ̀ ni AOD. Ètò ìṣirò kọ̀ǹpútà tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ lè fojú kéré èéfín, kó sì bu iyọ̀ òkun ju bó ṣe yẹ lọ, kí àpapọ̀ wọn ṣì bá ti sátẹ́láìtì mu rẹ́gí; àṣìṣe méjì ti bo ara wọn mọ́lẹ̀ nìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, ètò ńlá bíi CAMS ti ilẹ̀ Yúróòpù máa ń gba AOD MODIS wọlé láti fi tún ìṣirò rẹ̀ ṣe kó tó sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá tún fi MODIS kan náà dán an wò dà bí olùkọ́ tó sọ ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tán, tó wá ń yìn ín pé ó gba gbogbo máàkì.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń yíjú sí AERONET, àwọn ibùdó tí NASA àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ń bójú tó káàkiri ayé. Ọ̀pá oníhò kékeré kan lórí apá ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa yí tẹ̀ lé oòrùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nítorí pé oòrùn gan-an ló ń wò, tí àwọ̀ ilẹ̀ kò lè rú u lójú, àṣìṣe AOD rẹ̀ kò sábà ju 0.01 sí 0.02 lọ, nígbà tí ti MODIS lórí ilẹ̀ lè tó 0.05 pẹ̀lú ìdá 15 nínú 100. Síbẹ̀, AOD ni òun náà ń wọn. Láti mọ bí eruku ṣe ga tó lókè, lésà la nílò, irú èyí tí sátẹ́láìtì CALIPSO fi ṣiṣẹ́ láti 2006 títí di 2023. Láti mọ ohun tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀rọ tó ń wọn PM2.5, ìyẹn àwọn ohun tíntìntín tó kéré tó láti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, lórí ilẹ̀ la nílò.

Kí á má sì wá sọ ẹ̀rọ orí ilẹ̀ di òòṣà. Ojú kan ló dúró sí. Bó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èéfín ọkọ̀ tó ń kọjá ni yóò máa sọ, nígbà tí nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ètò CAMS tó kárí ayé ń dúró fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí ogójì kìlómítà. Àkókò náà gbọ́dọ̀ dọ́gba: MODIS kì í rí AOD lóru tàbí lábẹ́ ìkùukùu, nítorí náà a kò gbọdọ̀ fi ìpíndọ́gba wákàtí 24 ti orí ilẹ̀ wé ìgbà ẹ̀ẹ̀kan tó kọjá lọ́sàn-án. Ohun tó ká mi lára jù ni pé ètò tó ń ṣa ìkùukùu kúrò nínú àwòrán lè ṣi èéfín tó nípọn pè ní ìkùukùu, kó sì yọ ọ́ dànù, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ burú jù lọ lè ṣàì sí nínú àfiwé rárá, kí àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ náà sì kọjá láìsí ẹni tó dán an wò.