Ooru Texas Kọ́ Ló Pa Líìgì Họ́kì WPHL

Bí ọ̀rọ̀ bá kan Western Professional Hockey League (WPHL), líìgì kékeré tí wọ́n gbá ní Texas àti agbègbè rẹ̀ láti 1996 sí 2001, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé ooru ló lé e lọ. Wọ́n ní yìnyín ò lè dì dáadáa níbẹ̀, wọ́n tún ní àwọn ará gúúsù Amẹ́ríkà ò ka eré náà sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń gbá họ́kì orí yìnyín. Lábẹ́ pápá tó gùn ní mítà 61, tó fẹ̀ ní mítà 26, páìpù ló tò sínú kankéré, tí omi iyọ̀ tàbí glycol (kẹ́míkà olómi tí kì í jẹ́ kí omi tètè dì) tútù ń ṣàn nínú wọn. Iṣẹ́ tí fíríìjì ń ṣe ni ẹ̀rọ ibẹ̀ ń ṣe: ó ń fa ooru kúrò nílẹ̀, ó ń tú u síta. Bí kankéré bá ti tutù tó, wọ́n á wọ́n omi lé e ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele kan á dì kí wọ́n tó wọ́n òmíràn. Wọ́n á kùn ún ní ọ̀dà funfun, wọ́n á fa ìlà, wọ́n á tún máa wọ́n omi títí yóò fi nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 3. Ojú yìnyín náà gbọ́dọ̀ tutù tó nǹkan bí ìwọ̀n 4 nísàlẹ̀ òdo lórí Celsius.

Ọ̀rinrin gan-an ló ń yọni lẹ́nu ju ooru lọ. Bí afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin bá wọlé, kùrukùru á bo pápá, omi á máa kán láti òkè àjà, ojú yìnyín á sì di gbágungbàgun. Ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin wà fún ìyẹn. Owó iná á lọ sókè, ṣùgbọ́n eré á wáyé. Ẹ wo àwọn tó gba ife líìgì náà: El Paso, ìlú aṣálẹ̀, ló gbà á ní 1997 àti 1998, Mudbugs ti Shreveport ní Louisiana, níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀, gba mẹ́ta tó kù.

Owó ni wàhálà. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀. Ní sáà kejì wọ́n di 12, ní sáà kẹta wọ́n di 17. Ẹgbẹ́ tuntun ń san owó ìwọlé lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san án. Lẹ́yìn náà, tíkẹ́ẹ̀tì, onígbọ̀wọ́ àti oúnjẹ títà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ, torí líìgì kékeré kì í rí owó gidi gbà lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti máa san owó gbọ̀ngàn, owó oṣù, owó adójútòfò fáwọn tó ń fara pa, owó bọ́ọ̀sì àti òtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí Tupelo ní Mississippi wọlé ní 1998, ibi tó jìn sí El Paso ju 1,500 kìlómítà lọ ti di ara líìgì kan náà. Gbọ̀ngàn náà kì í sì í ṣe tiwọn: bí olórin tàbí àwọn eléré ẹṣin bá ti gba alẹ́ Sátidé, họ́kì á bọ́ sí Túsìdeè, ìjókòó á sì ṣófo.

Èyí tó burú jù lójú tiwa ni líìgì méjì tó ń du ìlú kan náà. Fort Worth ní Texas ti ní Fire, ẹgbẹ́ Central Hockey League (CHL), láti 1992; WPHL gbé Brahmas wá síbẹ̀ ní 1997, Fire sì kógbá sílé ní 1999. Ní Arkansas, àwọn GlacierCats ti WPHL bẹ̀rẹ̀ ní Little Rock ní 1998. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ECHL, líìgì họ́kì kékeré mìíràn, gbé RiverBlades wá sí gbọ̀ngàn tuntun ní òdìkejì odò. Ní 2000, GlacierCats ti tú ká. Kò sí bí ìlú tó níwọ̀nba òǹwòran ṣe máa bọ́ ẹgbẹ́ méjì.

Ìdí nìyẹn tí WPHL àti CHL fi dara pọ̀ ní 2001. Orúkọ CHL ni wọ́n mú, ẹgbẹ́ WPHL mẹ́wàá kọjá síbẹ̀, àwọn tó ń darí WPHL ló sì ń bójú tó o. Mudbugs tún gba ife CHL ní 2011, síbẹ̀ wọ́n ti ilẹ̀kùn lọ́dún náà. Ní 2014, àwọn ẹgbẹ́ tó kù nínú CHL wọ ECHL. Ọ̀kan nínú wọn ni Allen Americans, tí ilé wọn wà ní Texas. Wọ́n gba ife CHL ní 2013 àti 2014, wọ́n sì gba Kelly Cup, ife ECHL, ní 2015 àti 2016.