Kí ni awò VR lè sọ nípa ọmọ tí kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́?

Ẹ̀yin òbí láti Kubwa àti Nyanya ní Àbújá máa ń mú ohun tí tíṣà fi sùn yín wá bá wa: ọmọ kì í jókòó jẹ́ẹ́, kì í fọkàn sí ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀, tí a bá mú un wọ yàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́, ó lè ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní àṣeyege. Kíláàsì wo ló dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí Albert Rizzo, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi gbé kíláàsì inú VR (ayé àfarawé tí kọ̀ǹpútà ń gbé síwájú ojú ẹni) jáde ní nǹkan bí ọdún 2000. Ọmọ á wọ awò ńlá tó bo ojú, á sì rí i pé òun wà nídìí tábìlì, tíṣà níwájú, fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́tà á máa yọ lójú bọ́ọ̀dù. Bí X bá tẹ̀ lé A, kó tẹ bọ́tìnnì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Lójijì, ọkọ̀ á kọjá lẹ́yìn fèrèsé, ọkọ̀ òfuurufú oníwèé á fò kọjá. Kọ̀ǹpútà ń ka lẹ́tà tí ọmọ gbójú fò, èyí tó fi wàdùwàdù tẹ̀, bó ṣe yára tó, àti ibi tó yí orí sí. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló wù mí jù. Ọmọ tó ń wo fèrèsé nígbà tí lẹ́tà kọjá yàtọ̀ sí èyí tó tẹjú mọ́ bọ́ọ̀dù, àmọ́ tí ọkàn rẹ̀ ti rìn lọ.

Ṣùgbọ́n etí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò. Lápá Àríwá níbí, yírùnyírùn kì í ṣe àlejò, ó sì lè dín ìgbọ́ràn ọmọ kù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ibà tó wọ ọpọlọ náà lè ba ìfọkànsí jẹ́. Bí ọmọ bá ní wárápá, ẹ tètè sọ kó tó wọ awò náà. Awò náà tún máa ń kọ́ àwọn kan lóòyì.

Ẹ bi ẹni tó ń ṣe ìdánwò pé: ọmọ ibo lẹ fẹ́ fi wé tèmi? Bí àpẹẹrẹ, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ọmọ Sípéènì ṣe kò ṣeé gbé lé ọmọ wa lórí bẹ́ẹ̀, pàápàá ọmọ tí kò fọwọ́ kan géèmù rí. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó fi dánra wò dáadáa ná.

Awò nìkan kò sì tó láti sọ pé ọmọ ní ADHD, ìṣòro àìlèfọkànsí nǹkan àti àìlèjókòó jẹ́ẹ́. Àmì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti yọ kó tó pé ọdún 12, kó sì hàn ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ, bíi ilé àti iléèwé. Nítorí náà, ẹ mú ìwé tí tíṣà kọ nípa ọmọ náà dání, kí ẹni tó ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá sì tẹ̀ lé yín wá.