Ẹ Fi Thermostat Sílẹ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Tí Ọkọ̀ Hybrid Fi Ń Gbóná Sódì

Bí omi ṣe ń gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì lọ sí rẹ́díétọ̀, ẹni tó bá ti wa mọ́tò rí ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń da mẹkáníìkì rú nínú hybrid, ọkọ̀ tó ń lo ẹ́ńjìnnì epo àti mọ́tò iná pọ̀, ni pé ohun tó ti mọ́ ọn lójú kò sí níbẹ̀. Toyota Prius ọdún 2010 sí 2015, tó jẹ́ hybrid, kò ní bẹ́líìtì kankan. Iná ló ń yí pọ́ǹpù omi rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń kú, ó sì ń jí fúnra rẹ̀. Kò tún ní géèjì ooru lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, iná pupa kan ṣoṣo ló fi ń kìlọ̀. Ìwà ahun ni mo ka ìyẹn sí, torí nígbà tí iná yẹn bá fi máa tàn, ẹ̀pa lè má bóró mọ́.

Kí a tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ká kọ́kọ́ béèrè ibi tó ti gbóná. Ọkọ̀ tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, tó sì ń tutù bó bá ti bọ́ sí ọ̀nà Iléṣà, fáànù rẹ̀ ni ká fura sí, torí atẹ́gùn eré ló bá a ṣe iṣẹ́ fáànù. Èyí tó jẹ́ pé gígun ọ̀nà Ìdànrè ló ń mú un gbóná, omi rẹ̀ ni kò rìn dáadáa: yálà pọ́ǹpù ti ń kú lọ, tàbí rẹ́díétọ̀ ti dí.

Lẹ́yìn náà ni scanner, ẹ̀rọ tó ń ka ìròyìn inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Kékeré tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ náà tó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán, 85 sí 95°C ló yẹ ká máa rí. Ṣùgbọ́n ká fi ọkọ̀ sí ipò àtúnṣe, níbi tí ẹ́ńjìnnì kò ti ní kú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ńjìnnì á kú, ooru á wálẹ̀, wọ́n á ní ó ti ṣe.

Ibi tó ń bí èèyàn nínú nìyí. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni kí wọ́n yọ thermostat dànù. Wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, òyìnbó tí yìnyín ń bọ́ lé lórí ló nílò rẹ̀. Irọ́ ni. Oníbodè ni thermostat: ó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ omi títí ooru á fi tó bíi 82°C, kó tó jẹ́ kó kọjá sọ́dọ̀ rẹ́díétọ̀. Ẹni tó lé oníbodè lọ torí pé olè wọ̀lú kò tíì mú olè. Olè ṣì wà nínú ìlú, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, ewúrẹ́ ń wọlé, ewúrẹ́ ń jáde, ọba sì ń dúpẹ́ pé kò gbọ́ ariwo ìlẹ̀kùn mọ́.

Ti hybrid tún burú jù. Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi àfi tó bá ti gbóná dé ìwọ̀n kan. Bí omi bá ń tutù ṣáá, ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó kú nínú gó-síló á máa jó epo lọ, kóòdù P0128, tó ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó, á sì yọjú. Epo tí a torí rẹ̀ ra hybrid ni a tún ń dà nù yẹn. Bí thermostat bá há lóòótọ́, ká sè é nínú omi gbígbóná, ká wò ó bóyá á ṣí. Bí kò bá ṣí, ká fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Olè gan-an nínú Prius 2010 sí 2015 sábà máa ń jẹ́ top gasket, awẹ́ pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Èédú máa ń dí ọ̀nà EGR, èyí tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì, gasket á sì jó bó bá yá. Omi á máa dínkù láìsí pé ó ń jò sílẹ̀, ọkọ̀ á máa gbọ̀n rìrì bí a bá ṣíná rẹ̀ láàárọ̀. Oògùn aláwọ̀ búlúù kan wà tí wọ́n ń gbé lé ẹnu rẹ́díétọ̀: bí èéfín ẹ́ńjìnnì bá ti wọnú omi, á di yẹ́lò. Kò sí iye pure water tí a lè dà sí i tó máa wo ìyẹn sàn. Ìpẹtà nìkan ni omi lásán ń fà.

Ká má sì gbàgbé táńkì kejì, èyí tó ń tu inverter, ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà fún mọ́tò iná, lára. Omi tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì. Bí iná READY, tó ń sọ pé ọkọ̀ ti ṣe tán, bá tàn, ká yọjú wo inú rẹ̀: omi gbọ́dọ̀ máa rú. Bó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, pọ́ǹpù rẹ̀ ti kú, kóòdù P0A93 kò sì ní pẹ́ dé. Irú pọ́ǹpù yìí wà lára ohun tí Toyota torí rẹ̀ pe Prius 2004 sí 2009 padà ní 2012.