Gìtá bẹ́ẹ̀sì nínú orin sóòlù àti dísíkò

Gìtá bẹ́ẹ̀sì, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní bẹ́ẹ̀sì lásán, ni gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ tó dúró láàárín ìlù àti àwọn ohun èlò tó ń ta kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nínú orin sóòlù, tó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960, àti nínú dísíkò tó jáde látinú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, bẹ́ẹ̀sì kúrò lẹ́yìn, ó bọ́ síwájú. Ìlà ohùn rẹ̀ di ohun tí olùgbọ́ lè fi ẹnu kọ láìmọ ọ̀rọ̀ orin rárá. Ohun mẹ́ta ni ẹni tó ń kọ́ irú bẹ́ẹ̀sì yìí ń kọ́: ohùn tí yóò ta, ìgbà tí yóò ta á, àti bí yóò ṣe jẹ́ kó pẹ́ tó kó tó pa á. Àkọ́kọ́ ló rọrùn jù, òun náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fi gbogbo àkókò wọn lé lórí.

Ohun èlò àti okùn rẹ̀

Bẹ́ẹ̀sì onígi ńlá tí a ń gbé dúró ni àwọn ẹgbẹ́ olórin ń lò kí Leo Fender tó gbé Precision Bass jáde ní 1951. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọrùn gìtá náà, èyí tí àwọn olórin ń pè ní fúrẹ́ẹ̀tì, ló fún un lórúkọ, nítorí ìka kò ní láti wá ojú ohùn kiri mọ́. Jazz Bass tẹ̀ lé e ní 1960. Ọrùn tirẹ̀ tín-ín-rín díẹ̀, ó sì ní píkọ́ọ̀pù méjì, ìyẹn ohun tó ń gba ìgbọ̀n okùn láti sọ ọ́ di iná mànàmáná. Ní 1976 ni Music Man gbé StingRay jáde, tó ń lo bátìrì láti fún ohùn lágbára kó tó dé ampilifáyà. Ohùn rẹ̀ mú ju ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ó sì bá dísíkò mu gan-an.

Okùn mẹ́rin ló wà lórí bẹ́ẹ̀sì tó wọ́pọ̀. Láti orí èyí tó nípọn jù, orúkọ wọn ni E, A, D àti G. Okùn E tí a kò tẹ̀ máa ń gbọ̀n ní bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ agbóhùnjáde kékeré kì í fi gbé e jáde dáadáa. Ẹni tó ń fi fóònù gbọ́ àwo sóòlù láti kọ́ bẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ń ṣe ara rẹ̀ níyà. Kó wá ohun ìgbọ́rọ̀ tó ń bo etí.

Oríṣi okùn méjì ló ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n fi wáyà pẹlẹbẹ wé máa ń dán lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ wúwo, kì í sì í pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Èyí tí wọ́n fi wáyà róbótó wé máa ń dún gooro, ohùn rẹ̀ sì máa ń pẹ́ nílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni ohùn sóòlù àwọn ọdún 1960. Àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ohùn yẹn ló ti ra gìtá mìíràn, nígbà tó jẹ́ pé okùn ni wọn ì bá pààrọ̀.

James Jamerson àti sóòlù Detroit

Berry Gordy dá ilé iṣẹ́ àwo orin Motown sílẹ̀ ní Detroit ní 1959. Àwọn olórin tó ń bá a gba orin sílẹ̀ ni a mọ̀ sí Funk Brothers, James Jamerson sì ni atabẹ́ẹ̀sì wọn tó lókìkí jù. Ìpínlẹ̀ South Carolina ni wọ́n ti bí i ní 1936. Bẹ́ẹ̀sì onígi ló kọ́kọ́ kọ́ kó tó bọ́ sórí Precision Bass, àṣà bẹ́ẹ̀sì onígi kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: ìka ìlábẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò, nìkan ló fi ń ta okùn, tí wọ́n fi sọ ìka náà ní “The Hook” (Ìkọ́). Okùn rẹ̀ nípọn, wáyà pẹlẹbẹ ni wọ́n fi wé e, kì í sì í fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Fóòmù kan wà lábẹ́ okùn nítòsí ìdí gìtá tó ń pa ohùn kíákíá, tí ohùn kọ̀ọ̀kan fi ń dún bí ohun tí a gbá lójijì.

Àwọn atabẹ́ẹ̀sì tó ṣáájú rẹ̀ nínú orin ijó máa ń dúró sórí dò (ohùn ìpìlẹ̀) àti sò (ohùn karùn-ún) kọ́ọ̀dù tó wà nílẹ̀. Jamerson ń rìn láàárín wọn. Kí kọ́ọ̀dù tuntun tó dé, yóò ti gba fúrẹ́ẹ̀tì kan sẹ́yìn tàbí síwájú ohùn tó ń lọ bá, tí olùgbọ́ á fi gbọ́ bí ohun tó fẹ́ já bọ́ kó tó bọ́ sípò. Ó máa ń ta okùn tí ìka kò tẹ̀ bí àtẹ̀gùn láàárín ipò ọwọ́ kan sí òmíràn, kódà nígbà tí ohùn okùn náà kò sí nínú kíì (àkójọ ohùn) orin ọ̀hún. Èyí ń fún ọwọ́ òsì láyè láti ṣí lọ, ohùn náà sì ń kọjá kí etí tó lè ṣàròyé.

Ọgbọ́n rẹ̀ kẹta ni ohùn àfọwọ́pa: okùn tí ọwọ́ òsì kàn bò láìtẹ̀ ẹ́ dé irin, tí ìka ọ̀tún sì ta. Kò ní ohùn tí a lè dárúkọ, “tọ́” péré ló ń dún. Ẹni tó bá kọ ìlà Jamerson sílẹ̀ láìkọ àwọn “tọ́” yìí yóò rí i pé ohùn rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n orin náà kò jó.

Motown kì í sábà tẹ orúkọ àwọn atalórin sára àwo. Àwo ńlá Marvin Gaye ti 1971, What's Going On, wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó dárúkọ wọn, ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ tó ń kọ́ ìlà Jamerson ní àwọn ọdún 1960 kò mọ ẹni tí wọ́n ń fara wé. Jamerson kú ní 1983. Ní 2000 ni Rock and Roll Hall of Fame gbà á wọlé.

Memphis àti Philadelphia

Ní Memphis, ilé iṣẹ́ Stax lo ọ̀nà mìíràn. Donald “Duck” Dunn, tó wà nínú Booker T. & the M.G.'s, kì í ta ohùn púpọ̀. Ìlà kúkúrú kan ni yóò mú, yóò sì máa tún un ta láìyẹsẹ̀ pẹ̀lú ìlù Al Jackson Jr. Olùbẹ̀rẹ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ Dunn bẹ̀rẹ̀ yóò tètè rí ọwọ́ mú ju ẹni tó ti ọ̀dọ̀ Jamerson bẹ̀rẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títa ohùn díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láìṣe àṣejù le ju bó ti ń dún létí lọ.

Philadelphia ni afárá láàárín sóòlù àti dísíkò. Níbẹ̀, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Sigma Sound, ni Ronnie Baker ti ń ta bẹ́ẹ̀sì fún ẹgbẹ́ olórin MFSB, tí Earl Young sì ń lu ìlù. Young fi ìlù ẹsẹ̀ sórí gbogbo ìlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (kíkà kìíní dé ìkẹrin) tó wà nínú báà, ìwọ̀n tí orin fi ń yí po, ó sì ń ṣí háíhàátì, abala irin méjì tó ń kan ara wọn, láàárín wọn. Ìlù yẹn di ìpìlẹ̀ dísíkò. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e: bí ìlù ẹsẹ̀ ti yí padà, bẹ́ẹ̀sì náà kò lè dúró bó ṣe wà.

Ìlà dísíkò

Nínú sóòlù, bẹ́ẹ̀sì àti ìlù ẹsẹ̀ jọ máa ń pín ààyè. Ibi tí ọ̀kan bá fò, èkejì lè dí i. Nínú dísíkò, ìlù ẹsẹ̀ ti gba gbogbo ojú ìlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀sì wá bọ́ sí àárín wọn. Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ni dò ìsàlẹ̀ àti dò òkè, ohùn kan náà ní ìsàlẹ̀ àti lókè: dò ìsàlẹ̀ lórí ìlù, dò òkè láàárín ìlù sí ìlù, gẹ́lẹ́ nígbà tí háíhàátì ń ṣí. Lórí ọrùn gìtá, dò òkè wà ní fúrẹ́ẹ̀tì méjì síwájú, lórí okùn kejì sí èyí tí a wà. Tí A bá wà ní fúrẹ́ẹ̀tì 5 lórí okùn E, A òkè wà ní fúrẹ́ẹ̀tì 7 lórí okùn D. Ìka ìlábẹ̀ tẹ ọ̀kan, ìka kékeré tẹ èkejì, okùn A tó wà láàárín wọn sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wà. Eré dísíkò sábà máa ń wà láàárín ìlù 110 sí 130 nínú ìṣẹ́jú kan. Ní 120, ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá ni ìlù kan, ohùn dò kọ̀ọ̀kan sì ní ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá péré. Bí dò ìsàlẹ̀ bá ṣì ń dún nígbà tí dò òkè dé, wọn yóò dàpọ̀, ijó á sì rọ̀. Ọwọ́ òsì ló ń pa ohùn: ìka yóò dìde díẹ̀ kúrò lára irin láìkúrò lára okùn. Àtàǹpàkò ọ̀tún náà lè máa sinmi lórí okùn tó wà lókè èyí tí à ń ta, kí ó má bàa gbọ̀n.

Bernard Edwards (1952–1996), tó bá Nile Rodgers dá ẹgbẹ́ olórin Chic sílẹ̀ ní New York, fi hàn pé dísíkò kò ní láti jẹ́ dò ìsàlẹ̀ àti dò òkè títí. Bí ẹni tó di pẹ́lẹ́bẹ́ títa gìtá mú ló ṣe máa ń pa àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ pọ̀, tí èékánná rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò lórí okùn. “Good Times” tí Chic gbé jáde ní 1979 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn E mẹ́ta tó bọ́ sójú ìlù gbàgbà, lẹ́yìn náà ni àlàfo, kí ìlà tó gun òkè. Àlàfo yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kánjú fò. Ọdún yẹn náà ni Sugarhill Gang gbé ọ̀rọ̀ kíkéwì lé ìlà yìí, tí àwọn atalórin tún ta á lákọ̀tun. Ní 1980, ìlà tí John Deacon tà fún ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Queen nínú “Another One Bites the Dust” gba ìmísí látinú rẹ̀.

Títa pẹ̀lú àtàǹpàkò

Larry Graham, tí a mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ olórin Sly and the Family Stone, bá ìyá rẹ̀ ṣeré nígbà èwe. Nígbà tí kò sí onílù mọ́ lọ́dọ̀ wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò gbá okùn tó nípọn dípò ìlù ẹsẹ̀, ó sì ń fi ìka fa okùn tó tín-ín-rín kó lè gbá ọrùn gìtá bí ìlù sínẹ́à. Ọ̀nà yìí wọ fọ́ńkì ju sóòlù lọ, ó sì wọ dísíkò ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ọrùn ọwọ́ ló ń yí, bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́. Àtàǹpàkò fúnra rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀, ó gbọ́dọ̀ fò kúrò lára okùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ti gbá a. Kò yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló máa ń wu èèyàn jù.

Bí a ṣe ń kọ́ ọ

Àpẹẹrẹ kan lè fi bí ìlà ṣe ń kúrò ní sóòlù lọ sí dísíkò hàn. Mú kọ́ọ̀dù A mínọ̀ àti D, báà kọ̀ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta A (fúrẹ́ẹ̀tì 5, okùn E) lórí ìlù kìíní, jẹ́ kó dún fún ìdajì ìlù, kí o sì pa á. Fi ohùn àfọwọ́pa kan sí ìparí ìlù kejì, ta E (fúrẹ́ẹ̀tì 7, okùn A) àti G (fúrẹ́ẹ̀tì 5, okùn D) láàárín ìlù kẹta, kí o sì parí báà pẹ̀lú C♯ (fúrẹ́ẹ̀tì 4, okùn A), tó wà ní fúrẹ́ẹ̀tì kan sẹ́yìn D. D wà ní fúrẹ́ẹ̀tì 5 lórí okùn A, nítorí náà ipò ọwọ́ kan náà yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tí a bá sún un kan okùn kan. Sóòlù nìyẹn. Láti sọ ọ́ di dísíkò, mú E àti G kúrò, fi A òkè sí àárín ìlù kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n fi C♯ sílẹ̀ níbi tó wà.

Kí á fi ẹnu kọ ìlà kí ọwọ́ tó fi kan gìtá dára, nítorí ohun tí ẹnu kò lè kọ, ọwọ́ á kàn máa wá a kiri ni. Mẹ́tírónóòmù ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó sàn kó máa dún lórí ìlù kejì àti ìkẹrin nìkan, kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ máa wá ìkíní àti ìkẹta. Lẹ́yìn èyí ni kí ó gba ara rẹ̀ sílẹ̀ kó sì fetí sí òpin ohùn kọ̀ọ̀kan. Dísíkò tún ń béèrè agbára ìfaradà: àwo onínṣì 12 tó jáde ní àárín àwọn ọdún 1970 jẹ́ kí orin kan lè kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, kò sì sí ìsinmi fún ọwọ́ tó ń ta dò òkè. Bí ọrùn ọwọ́ bá ń dùn, ó yẹ kí á sinmi, nítorí ìdí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ pé ìka ń tẹ okùn ju bó ti yẹ lọ.

Ìlà kan wà tó fi òpin sí èrò pé ọwọ́ nìkan ló lè ta bẹ́ẹ̀sì dísíkò: ti “I Feel Love”, tí Giorgio Moroder àti Pete Bellotte ṣe fún Donna Summer ní Munich ní 1977. Ẹ̀rọ sìntẹ́sáísà Moog ló ta á, ẹ̀rọ mìíràn sì ń dá ohùn kọ̀ọ̀kan padà lẹ́yìn tó bá dún tán, tí ọ̀kan fi ń di méjì. Atabẹ́ẹ̀sì tó fẹ́ ta á lórí gìtá yóò ta ohùn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀méjì, ìka méjì tí ń gba ọwọ́ ara wọn, ohùn kejì rọ̀ díẹ̀ ju èkíní lọ.